Iṣẹ́ Ò Ní Wá Bá Wọn Nílé, Ẹ Jẹ́ Ká Bá Wọn Wá A

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú wàhálà wa. Mo ka lẹ́tà tí òbí kan kọ sí yín lórí ọmọ rẹ̀ tó ní ìpèníjà òye, tó ti dàgbà, tó ti parí iléèwé, àmọ́ tó jẹ́ pé ilé ló jókòó sí látìgbà náà. Òbí yẹn bèèrè pé ta ló fẹ́ gba irú ọmọ òun síṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kàn mí gan-an ni, torí èmi náà ní àbúrò ọkùnrin tó wà nírú ipò yẹn, ó sì ń ṣiṣẹ́, ó ń gbowó oṣù tiẹ̀, mo wá ní kí n dá sí i. Èsì mi ò gùn: ẹbí ló máa kọ́kọ́ wá iṣẹ́ náà. Mi ò sọ pé kí ìjọba ká ọwọ́ lẹ́rán o, mi ò sì sọ pé àwọn iléeṣẹ́ ò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n tá a bá ní ká dúró dìgbà tí wọ́n máa ṣe tiwọn tán, irun orí àwọn ọmọ yìí á ti funfun.

Kí n tiẹ̀ kọ́kọ́ la eléyìí, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣì í gbọ́. Ìpèníjà òye kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe nǹkan tí oògùn ń wò. Láti kékeré ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ohun tó sì máa ń fà ni pé èèyàn á pẹ́ kó tó gbá nǹkan tuntun mú, ìwé kíkà àti owó kíkà á nira fún un, kò sì ní tètè mọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ. Àwọn tó ní Down syndrome, ìyẹn ipò kan tí wọ́n ń bí mọ́ èèyàn, wà lára wọn, ọ̀pọ̀ míì sì wà tí dọ́kítà ò rí ìdí kan pàtó tọ́ka sí. Gbogbo wọn ò rí bákan náà, ẹlòmíì, kí wọ́n kàn máa rán an létí ti tó, ẹlòmíì sì nílò ẹni tó máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n kéèyàn pẹ́ kó tó mọ nǹkan yàtọ̀ sí pé kò lè mọ̀ ọ́n láéláé.

Ọ̀gbẹ́ni kan wà ní Amẹ́ríkà láwọn ọdún 1970 tó ń jẹ́ Marc Gold. Àwọn tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ nínú fáìlì pé wọn ò lè dá nǹkan kan ṣe ló lọ mú, ó wá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń to bíréèkì kẹ̀kẹ́ pọ̀, irin wẹ́wẹ́ tó jẹ́ pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka lẹ́tà yìí àtèmi náà, tí wọ́n bá dà á síwájú wa báyìí, a máa wò ó títí ni. Wọ́n mọ̀ ọ́n tò. Ohun tó ṣe ni pé ó gé iṣẹ́ náà sí ìgbésẹ̀ kéékèèké, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọwọ́ ló fi ń ṣe é kí wọ́n rí i, tí ọ̀nà kan ò bá sì wọlé ó máa gba òmíì. Lójú tiẹ̀, tí ẹni tó ń kọ́ nǹkan ò bá mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń kọ́ ọ ló yẹ kó yíwọ́ padà. Mo fẹ́ kí gbogbo òbí tó ń ka èyí fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, torí àwa ẹbí ni tiṣa àkọ́kọ́ tí wọ́n ní, ilé la sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ibi tí wàhálà wà nìyẹn o. Màmá wa fẹ́ràn àbúrò mi yìí débi pé ó ti ń fá irùngbọ̀n, wọ́n ṣì ń bá a di bọ́tìnì ẹ̀wù. Kì í ṣe pé kò lè dì í, ó kàn máa ń pẹ́ lórí ẹ̀ ni, Màmá á ti rò pé ìyà ló ń jẹ ẹ́, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n á dì í fíà, ó parí. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ló wá bẹ Màmá pé ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ kàn jókòó kẹ́ ẹ máa wò ó. Wọ́n gbà, pẹ̀lú ìnira ni ṣá. Ìgbà yẹn la rí i pé bọ́tìnì ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ti ọrùn bíi tiwa, torí ìsàlẹ̀ yẹn ló ti máa fi ojú ẹ̀ rí i pé etí ẹ̀wù apá ọ̀tún àti tòsì dọ́gba, tó bá ti dọ́gba níbẹ̀, á wá máa gòkè bọ̀ ní jẹ́jẹ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ọgbọ́n tiẹ̀ ni, a ò sì ní rí i láéláé tí ìyá ò bá gbé ọwọ́ kúrò.

Ọ̀rọ̀ etí tó gbọ́dọ̀ dọ́gba yìí náà ló wá di iṣẹ́ fún un. Nígbà tá a pinnu pé a fẹ́ wáṣẹ́ fún un, a ò bẹ̀rẹ̀ látorí sátífíkéètì, kí ló tiẹ̀ fẹ́ wà níbẹ̀. Ńṣe la jókòó pẹ̀lú ẹ̀, a mú ìwé, a ń kọ ohun tá a mọ̀ nípa ẹ̀ sílẹ̀: kí ló máa ń ṣe tí ẹnikẹ́ni ò ní kó ṣe é? Ìgbà wo lára ẹ̀ máa ń yá gágá? Kí ló máa ń jẹ́ kó dìde kúrò nínú yàrá? Ta ló lè bá a sọ̀rọ̀ tó máa gbọ́? A kọ ọ́ pé ó máa ń tètè jí, pé lẹ́yìn ọ̀sán kò fẹ́ gbọ́ pé ẹnì kan pe òun. Pé ariwo ẹ̀rọ ò dà á láàmú àmọ́ ariwo èèyàn tó bá ń jà máa ń dà á láàmú. Pé tẹ́ ẹ bá kó aṣọ gbígbẹ sílẹ̀, ó máa ká gbogbo ẹ̀, etí kan etí, tó bá wọ́ díẹ̀ á tú u palẹ̀ á tún un ká. Pé bàtà ẹnu ọ̀nà, òun ló ń tò ó. Ẹ wò ó, ohun tá a kọ yẹn, dọ́kítà ò mọ̀ ọ́n, kò sí nínú rìpọ́ọ̀tì iléèwé, ẹbí nìkan ló mọ̀ ọ́n torí àwa la ń bá a gbé. Ìdí tí mo fi ń sọ pé ẹbí ló ni iṣẹ́ yìí gan-an nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é lẹ́yìn ẹ̀ o. Òun fúnra ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kó sọ èyí tó wù ú àti èyí tí kò wù ú, tí kò bá sì lè sọ̀rọ̀ dáadáa, ẹ mú un débi iṣẹ́ oríṣiríṣi kẹ́ ẹ wo ojú ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kan fẹ́ kí á fi sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọgbà, iṣẹ́ tó dáa ni, àmọ́ gbogbo ìgbà tá a bá mú àbúrò mi débẹ̀ ni ojú ẹ̀ máa ń fà ro, kò fẹ́ kí erùpẹ̀ kan òun lọ́wọ́. A fi í sílẹ̀. Àgbàlagbà ni.

Ó wá ku ta la mọ̀. Èèyàn máa ń rò pé ìkéde inú ìwé ìròyìn ni iṣẹ́ wà, àmọ́ onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Mark Granovetter ti kọ ọ́ láti 1973 pé nínú àwọn tó rí iṣẹ́ nípasẹ̀ ẹni tí wọ́n mọ̀, kì í sábà jẹ́ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ló mú ìròyìn iṣẹ́ wá, àwọn tá a kàn mọ̀ lókèèrè ni, torí ọ̀rẹ́ wa tímọ́tímọ́, ohun tí àwa mọ̀ náà ni wọ́n mọ̀. Ẹ wá rò ó wò, ẹni tó ní ìpèníjà òye, tó jẹ́ pé ilé, iléèwé àti ilé ìjọsìn nìkan ló mọ̀, ta ni yóò mọ̀ lókèèrè? Kò sí. Àfi kí ẹbí yá a ní àwọn èèyàn tiwọn. Àwa náà, gbogbo wa pátá, a kọ orúkọ àwọn tá a mọ̀ sílẹ̀ láìyọ ẹnì kankan, ẹni tá a jọ ń wọ bọ́ọ̀sì, ẹni tá a jọ ṣiṣẹ́ rí, ẹni tó ń bá wa tún ẹ̀rọ ṣe. Ẹni tó wá ràn wá lọ́wọ́ gbẹ̀yìn, ẹnì kan ni tí ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kàn mọ̀ torí pé àwọn ọmọ wọn jọ wà ní kíláàsì kan náà, kí wọ́n kí ara wọn ní géètì, ó tán. Ọkọ obìnrin yẹn ló ń bójú tó ilé ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì kan.

Bẹ́ ẹ bá wá débẹ̀, ẹ má lọ tọrọ àánú. Mo ti rí àwọn òbí tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ ni pé ẹ ṣàánú wa, ẹ bá wa fi í síbì kan kó lè máa jáde nílé, owó kékeré náà ò burú, ká tiẹ̀ ní ẹ ò san nǹkan kan. Ẹni tí wọ́n bá fi àánú gbà, àánú náà ló máa lé e lọ lọ́jọ́ tí máníjà bá yí padà. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bèèrè ni pé níbí yìí, iṣẹ́ wo ló máa ń kù sílẹ̀? Kí ló ń gba àkókò àwọn òṣìṣẹ́ yín tó yẹ kí wọ́n fi ṣe nǹkan míì? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọsibítù àwọn ọmọdé ní Cincinnati, ní Amẹ́ríkà, nìyẹn ní 1996. Nọ́ọ̀sì àgbà kan, Erin Riehle, ló ń bójú tó ẹ̀ka pàjáwìrì lọ́hùn-ún, àwọn tí wọ́n ń gbà síṣẹ́ láti máa to àwọn ohun èèlò padà sáyè wọn kì í pẹ́ kí wọ́n tó lọ, tòní lọ, tọ̀la dé. Ó wá rò ó pé ṣé àwọn tó ní irú ìpèníjà yìí ò lè ṣe iṣẹ́ yìí kí wọ́n sì dúró ti i ni. Láti ibẹ̀ ni ètò tí wọ́n ń pè ní Project SEARCH ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè míì báyìí. Iṣẹ́ tó fẹ́ ẹni tó máa ṣe é dáadáa lójoojúmọ́ ló wà nílẹ̀, wọ́n sì rí ẹni tó lè ṣe é, kò sí àánú nínú ẹ̀.

Bákan náà ni ti wa. Aṣọ ìbora àti táwẹ́ẹ̀lì ló máa ń ga jọ níbẹ̀ láràárọ̀, àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ló tún máa ń wá ká a. Àwa ò jẹ́ kí wọ́n ṣe intafíù fún un rárá, torí nínú intafíù, ẹnu la fi ń ta ara wa, ẹnu sì ni ibi tí àbúrò mi ò lágbára sí. A ní kí wọ́n jẹ́ kó wá ká aṣọ kí wọ́n wò ó. Ọ̀gá yẹn mú èyí tó ti ká tán, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì pe ẹlòmíì wá wò ó. Ẹ̀yin òbí, ẹ bèèrè fún irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, kí ọwọ́ ọmọ yín sọ̀rọ̀ fún un.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún àwọn tó ń ní ẹ jẹ́ kó kọ́ṣẹ́ ná, tó bá ti mọ̀ ọ́n dáadáa ká tó wá ibi tó máa ṣe é. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ nìyẹn, ọ̀pọ̀ ló sì dàgbà sínú iṣẹ́ kíkọ́ yẹn tí wọn ò rí iṣẹ́ gidi rí. Láwọn ọdún 1980 ni wọ́n yí i po ní Amẹ́ríkà, kó débi iṣẹ́ ná, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti kọ́ ọ, kí ẹnì kan tó mọ̀ nípa ẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ ẹ̀ títí yóò fi mọ̀ ọ́n, òfin wọn ti 1986 sì fi owó ìjọba tì í lẹ́yìn. Ó nídìí tó fi dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹni tó ní ìpèníjà òye bá kọ́ níbì kan, ó máa ń ṣòro fún un láti gbé e lọ síbòmíì. Ẹ lè kọ́ ọ ní aṣọ kíká nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún gbọọrọ, kó dé ilé ìfọṣọ kó dà bí ẹni tí ò rí aṣọ rí, torí tábìlì ò ga bí ti tẹ́lẹ̀, táwẹ́ẹ̀lì náà ò sì jọ ti tẹ́lẹ̀.

Tí kò bá sí ẹni tí ìjọba tàbí ẹgbẹ́ kan máa rán wá kọ́ ọ níbi iṣẹ́, ẹnì kan nínú ẹbí lè ṣe é níbẹ̀rẹ̀, tí ọ̀gá bá gbà. Èmi ni mo lọ. A ya fọ́tò ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sórí fóònù ẹ̀, a lẹ tépù aláwọ̀ mọ́ ara pẹpẹ, aláwọ̀ búlúù fún èyí tó tóbi, yẹ́lò fún kékeré, torí kò lè ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ibi tó ti wá ṣòro fún un ni ìgbà tí aṣọ bá ya tàbí tó ṣì ní àbààwọ́n, kò mọ ohun tó máa fi ṣe, á kàn dúró gbagidi ni. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló yanjú ẹ̀, ó gbé apẹ̀rẹ̀ pupa kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ní èyíkéyìí tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, jù ú síbẹ̀, mo ń bọ̀ wá wò ó. Ó tán! Èmi ò ronú kan apẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹbí tètè kúrò níbẹ̀. Bá a bá wà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ wa làwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ á máa gbà bá a sọ̀rọ̀, wọ́n á máa béèrè pé ṣé ó ti jẹun, ṣé inú ń bí i ni. Ìgbà tá a bá lọ ni wọ́n máa tó bi òun fúnra ẹ̀.

Ti ọ̀nà náà wà ńbẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló bọ́ lọ́wọ́ wọn tó jẹ́ pé iṣẹ́ gan-an ò ṣòro, bí wọ́n ṣe máa débẹ̀ ló ṣòro. Ẹ bá a rìn ín, ẹ fi àmì tí kì í yí padà hàn án, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kó máa lọ níwájú kí ẹ̀yin máa tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ jìnnà sí i. Ẹ kọ́ ọ ní ohun tó máa ṣe tó bá ṣìnà tàbí tí bọ́ọ̀sì ò bá wá, torí lọ́jọ́ kan ó máa ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rù á bà yín, mo mọ̀. Robert Perske kọ̀wé ní 1972 pé tá a bá ń dáàbò bo èèyàn jù, tá ò jẹ́ kó ko ewu kankan tó yẹ kí gbogbo àgbàlagbà kò, iyì ẹ̀ là ń bù kù, mo sì gbà á gbọ́.

Owó ńkọ́? Ẹ bèèrè owó lọ́jọ́ kìíní. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá, tó jáde ní 2006, sọ ọ́ ní abala 27 pé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti fi iṣẹ́ tí wọ́n fúnra wọn yàn gbọ́ bùkátà ara wọn, bíi tẹlòmíì, kí owó wọn sì dọ́gba fún iṣẹ́ tó bá dọ́gba. Síbẹ̀, ní Amẹ́ríkà gan-an, òfin kan ti wà láti 1938 tó jẹ́ kí àwọn agbanisíṣẹ́ kan lè gbàwé àṣẹ láti máa san owó tí kò tó iye tó kéré jù lábẹ́ òfin fún àwọn àkàndá ẹ̀dá. Èmi ò rí àlàyé tó tẹ́ mi lọ́rùn fún irú ẹ̀. Ẹni tó bá ní ọmọ yín ò lè ṣiṣẹ́ tó ẹlòmíì, kó wá nǹkan tó lè ṣe bó ṣe yẹ, kó sanwó ẹ̀. Níbi tí ìjọba bá sì ti ń san owó ìrànwọ́ fún wọn, ẹ bèèrè kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí owó náà, ẹ gbà á ní kíkọ sílẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ẹbí ló ti torí ìbẹ̀rù pé wọ́n máa gé e fi ọmọ wọn sílé. Tó bá wá gbowó oṣù tán, tiẹ̀ ni. Ẹ kọ́ ọ bó ṣe máa ná an, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ má sì rò pé kíkúrò níbi iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ o. Àwọn èèyàn burúkú wà, ó sì ṣòro fún irú wọn láti sọ pé wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ tàbí pé wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ òun tàbí pé ẹnì kan fọwọ́ kan òun níbi tí kò yẹ. Tó bá kàn ṣàdédé ní òun ò lọ mọ́, tí kò sùn dáadáa, tó ń ya ìbínú, ẹ má ní ọ̀lẹ ni. Ẹ wádìí ẹ̀.

Èyí tó kù, àwa ọmọ ìyá ni mò ń bá wí. Àwọn òbí ò ní wà títí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n tá ò fẹ́ sọ ọ́ síta. Tí iṣẹ́ yìí bá bọ́, iṣẹ́ sì lè bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àwa la máa tún jókòó ká tún kọ orúkọ àwọn tá a mọ̀ sílẹ̀. Ẹ má dúró dìgbà tí Màmá ò bá lágbára mọ́ kẹ́ ẹ tó mọ ohun tí àbúrò yín fẹ́ràn.

Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ mi sí yín ni pé ẹ fi ojú ìwé kan sílẹ̀ fún àwọn tó ní ìpèníjà òye tó ń ṣiṣẹ́, ẹ lọ bá wọn níbi iṣẹ́, kẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ wá àwọn fúnra wọn lẹ́nu wò kì í ṣe òbí wọn nìkan, tó bá gba kẹ́ ẹ ní sùúrù dúró dìgbà tí wọ́n bá rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró. Kẹ́ ẹ sì bi ọ̀gá wọn pé iṣẹ́ wo ló gbé fún wọn, báwo ló ṣe kọ́ wọn, èló ló ń san. Àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ tó ń ka ìwé ìròyìn yín á rí i. Òbí tó kọ lẹ́tà yẹn náà, tó bá fẹ́, kó kọ̀wé padà sí mi nípasẹ̀ yín, màá fi bá a ṣe ṣe ti apẹ̀rẹ̀ àti tépù yẹn hàn án, a ó sì jọ kọ ohun tí ọmọ rẹ̀ máa ń ṣe láìjẹ́ pé wọ́n rán an sílẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ẹ̀gbọ́n kan